Ohùn Ẹgbẹ̀ta Obìnrin

Wáyà méjì ló ń rọ̀ dirodiro létí tábìlì, ohun tí wọ́n so wọ́n mọ́ kò sì sí níbẹ̀ mọ́. Ìnsípẹ́kítọ̀ Mùnírátù bẹ̀rẹ̀, ó wò wọ́n dáadáa, kò fọwọ́ kàn wọ́n. Ilẹ̀kùn yàrá náà kò bàjẹ́, fèrèsé kò fọ́, ìwé tó wà lórí tábìlì kò tiẹ̀ yẹ̀ kúrò níbi tí wọ́n gbé e sí. Olè tó wọlé síbí mọ ohun tó ń wá, ó sì mọ ibi tí yóò ti rí i.

Aago méje àbọ̀ òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀ ni, lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Lapaz nílùú Accra, níbi tí ilé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Ohùn Ìyá fìdí kalẹ̀ sí. Morónfólú, obìnrin ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n tó dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀ tó sì jẹ́ ọ̀gá ibẹ̀, dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ká apá mọ́ àyà bí ẹni tí òtútù ń mú. Òun ló kọ́kọ́ dé láàárọ̀, òun náà ló pe ọlọ́pàá. Accra ni wọ́n bí i sí, Accra náà ni wọ́n bí Mùnírátù sí, nígbà tí wọ́n sì ti gbọ́ orúkọ ara wọn, Yorùbá ni wọ́n bá ọ̀rọ̀ lọ.

"Kí ni wọ́n kó lọ gan-an?" Mùnírátù béèrè.

"Háàdì dísìkì méjì, Màdáámù. Èyí tí à ń lò àti ẹ̀dà rẹ̀."

"Ṣé ẹ ò lè rí òmíràn rà ni?"

"Ohun tó wà nínú wọn ni mi ò lè rí rà. Ohùn ẹgbẹ̀ta obìnrin ni."

Ó wá ṣàlàyé. Ọdún mẹ́ta ni òun àti àwọn èèyàn òun ti ń pe àwọn obìnrin láti ọjà Makola, láti Lapaz, títí dé Tema, tí wọ́n ń jókòó sínú yàrá yìí lọ́kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n sì ń sọ àìsàn tó ń ṣe wọ́n ní èdè tí wọ́n ń sọ nílé: Yorùbá tí Twi ti wọ inú rẹ̀, Hausa tí Ga ti lú mọ́. Àwọn ohùn wọ̀nyí ni wọ́n fi ń kọ́ kọ̀ǹpútà bí yóò ṣe máa gbọ́ èdè àwọn ìyá, kí nọ́ọ̀sì tí kò gbọ́ èdè aláìsàn lè ka ohun tó ń dùn ún lójú fóònù. Oṣù kan ṣoṣo ni wọ́n sì ń gba ohùn láàárín ọdún, ìyẹn oṣù tí àwọn àgbà Ga, àwọn tó ni ilẹ̀ Accra, máa ń fi òfin de ariwo kí Homowo, ọdún ìbílẹ̀ wọn, tó dé. Ní oṣù tó kù, bí obìnrin kan bá ń sọ̀rọ̀ inú rírun, ẹ̀rọ gbohùngbohùn ṣọ́ọ̀ṣì mẹ́ta á ti bá a sọ ọ́.

Mùnírátù mi orí. Òun náà mọ adùn ìdákẹ́jẹ́ yẹn. Ilé rẹ̀ wà láàárín ṣọ́ọ̀ṣì méjì àti ilé ọtí kan, láti ọjọ́ Ajé tí òfin sì ti bẹ̀rẹ̀, oorun ọmọ tuntun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀ fún ló ń sùn.

"Mo rò pé orí íńtánẹ́ẹ̀tì lẹ̀yin oníkọ̀ǹpútà máa ń tọ́jú nǹkan pamọ́ sí," ó ní.

"Àwọn ìyá ò gbà. Wọ́n ti gbọ́ nípa àwọn tó ń fi ohùn olóhùn lu jìbìtì. Wọ́n ní ohùn àwọn ò gbọdọ̀ jáde nínú yàrá yìí títí àwọn ó fi fi etí ara àwọn gbọ́ ohun tí a fi ń ṣe, kí àwọn tó fọwọ́ sí i. Mo búra fún wọn. Ọ̀la ni wọ́n ń bọ̀ wá gbọ́ ọ. Aago mẹ́wàá. Àwọn dókítà láti ilé ìwòsàn mẹ́rin náà ń bọ̀. Láìsí dísìkì yẹn, adití ni ẹ̀rọ wa. Àwọn dókítà á lọ, àwọn ìyá náà ò sì ní lanu níwájú mi mọ́ láyé. Ọdún mẹ́ta, Màdáámù."

Kò sunkún. Àánú rẹ̀ sì ṣe Mùnírátù ju bí ì bá ti ṣe é bó bá sunkún lọ, nítorí òun náà ti wà níbi iṣẹ́ tí wọ́n ti ń fi ọjọ́ kan péré dájọ́ iṣẹ́ ọdún púpọ̀ tí obìnrin ṣe.

"Ibo ni ẹ̀dà yẹn wà?"

"Nínú agolo bisikíìtì, lórí pẹpẹ tí a ti ń po tíì."

"Agolo bisikíìtì?"

"Mo rò pé olè kì í wá bisikíìtì."

"Èyí wá a," Mùnírátù ní. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó ká a kò.

Ohun tó burú jù wà lára ilẹ̀kùn. Káàdì ni wọ́n fi ń ṣí i, ẹ̀rọ ara rẹ̀ a sì máa kọ orúkọ ẹni tó wọlé àti aago tó wọlé sílẹ̀. Gbogbo òṣìṣẹ́ ti lọ ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú. Ní aago mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá, káàdì kan ṣí ilẹ̀kùn náà. Lọ́pẹ́ ni orúkọ tó wà lára rẹ̀.

Mùnírátù kọ́kọ́ pe Kàsímù, ọ̀gbẹ́ni tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ilé. Kàsímù ní òun ò rí ẹnikẹ́ni.

"Aago mẹ́fà kọjá mẹ́rìnlá, Màdáámù, mọ́ṣáláṣí iwájú yìí ni mo wà. Ìrun Mágíríbì. Gbogbo ilé yìí ló mọ̀. Ẹni tí kò bá mọ̀, tó bá bi mí, mo máa ń sọ fún un."

"Ta ló bi ọ́ lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí?"

Kàsímù ronú, ó dárúkọ ẹnì kan. Mùnírátù kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni Lọ́pẹ́ wọlé. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni. Ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, ọṣẹ ló ń bá ìyá rẹ̀ tà lẹ́bàá títì Lapaz, Morónfólú ló rí i níbi tó ti ń fi fóònù kékeré kọ́ ara rẹ̀ níṣẹ́ kọ̀ǹpútà, tó sì mú un wọlé. Ní báyìí òun ló ń kọ ọpọlọ ẹ̀rọ náà.

"Mi ò mú nǹkan kan, Màdáámù. Mepa wo kyɛw, mo bẹ̀ yín. Mi ò wá síbí nírọ̀lẹ́."

"Káàdì rẹ wá."

"Ó sọ nù. Okùn ẹ̀ máa ń yún mi lọ́rùn, ẹ̀yìn àga ni mo máa ń fi kọ́. Ọ̀sán àná mo rí i. Nígbà tí a ń lọ sílé, mi ò rí i mọ́."

"Kí ló dé tí o ò sọ fún ọ̀gá rẹ?"

Lọ́pẹ́ wo ilẹ̀. "Ìkẹta tí mo máa sọ nù nìyẹn. Ojú ń tì mí."

"Níbo lo wà ní aago mẹ́fà?"

"Lọ́dọ̀ ìyá mi. À ń kó ọṣẹ sínú páálí."

"Ta ló rí yín?"

"Ìyá mi."

Mùnírátù mí kanlẹ̀. Ìyá wo ni kò ní rí ọmọ rẹ̀ nírú ọjọ́ bẹ́ẹ̀?

Akínlabí ló tẹ̀ lé e. Igbákejì Morónfólú ni, ẹni ogójì ọdún, ó mọ̀wé, ó sì mọ̀ pé òun mọ̀wé. Kò tíì jókòó tán tó fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀.

"Màdáámù, kí la tún ń wá kiri? Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló ń gbé. Ilẹ̀kùn ti dárúkọ olè. Mo sọ fún Morónfólú tipẹ́ pé kò yẹ kí wọ́n fi irú nǹkan báyìí síkàáwọ́ ẹni tó ń ta ọṣẹ lánàá."

"Ìwọ ńkọ́? Wọ́n ní o fẹ́ jẹ ọ̀gá níbí."

Kò retí ìbéèrè yẹn, ṣùgbọ́n kò purọ́. "Mo fẹ́ ẹ. Mo dàgbà jù ú lọ, mo ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ jù ú lọ. Ó dùn mí nígbà tí àwọn tó ń gbà wá nímọ̀ràn ní òun ni. Ṣùgbọ́n, Màdáámù, bí ẹ̀rọ yìí bá kú lọ́la, ọ̀gá kí ni mo fẹ́ jẹ? Ọ̀gá àga àti tábìlì?"

Ó ní inú trotro, bọ́ọ̀sì akérò, tó ń lọ sí Tema lòun wà ní aago mẹ́fà àná, pé òun àti ọmọ ìjọ òun kan ló jọ jókòó. Mùnírátù pe nọ́ńbà ọmọ ìjọ náà lójú ẹsẹ̀. Òótọ́ ni.

"Ẹ mú ọmọ yẹn lọ, kí ẹ ti í mọ́lé, á sọ ibi tó kó o sí," Akínlabí ní bó ṣe ń dìde.

Morónfólú wà lẹ́nu ọ̀nà, ó gbọ́ ọ. "Kò sẹ́ni tó máa mú Lọ́pẹ́ kúrò níbí," ó ní, jẹ́jẹ́. "Bí ó bá jí dísìkì náà, èmi ni mo mú un wọlé. Kí wọ́n jọ mú wa."

"Ọlọ́pàá ló ń pinnu ìyẹn," Mùnírátù ní. "Mi ò sì tíì pinnu. Lánàá, ta ló wá síbí tí kì í ṣe òṣìṣẹ́?"

"Kò sẹ́nì kankan. Àfi Bọ̀dá Dàpọ̀, ará ilé sì ni wọ́n."

Ọládàpọ̀ tí wọ́n ń pè ní Bọ̀dá Dàpọ̀ ni ẹni tó kọ́ Morónfólú níṣẹ́ kọ̀ǹpútà nígbà tó lọ sí yunifásítì ní Èkó. Ó wà lára àwọn tó ń gba ilé iṣẹ́ náà nímọ̀ràn. Ó wọ ọkọ̀ òfúrufú wá láti Èkó ní ọ̀sán Ọjọ́rú nítorí ìpàdé ọjọ́ Ẹtì. Ó kó gbogbo wọn jọ, ó gbàdúrà fún wọn, wọ́n po tíì fún un, ó mu ún, ó sì lọ sí ilé àlejò rẹ̀ ní aago mẹ́rin.

Bí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ ló wọlé, nínú kaftan funfun, ó ga, ohùn rẹ̀ tutù. Ó fa Morónfólú mọ́ra. "Má sunkún, ọmọ mi. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Èmi ti rí èyí tó ju èyí lọ. A máa jọ bá àwọn dókítà yẹn sọ̀rọ̀, kí wọ́n sún ọjọ́ náà síwájú. Èmi fúnra mi ni mo máa bá wọn sọ ọ́."

Mùnírátù fi sùúrù bi í ní ìbéèrè tó bi gbogbo ènìyàn. Bọ̀dá Dàpọ̀ kò bínú rárá.

"Iṣẹ́ yín ni, Màdáámù. Láti ilé àlejò, ṣọ́ọ̀ṣì àwọn èèyàn wa ní Kaneshie ni mo lọ. Mi ò lè dé Accra lọ́jọ́rú kí n má lọ síbẹ̀. Aago mẹ́fà ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mo wọlé. Ó dùn! Ìlù ń dún, gbohùngbohùn ń ké, a jó títí aṣọ fi tutù lára wa. Aago mẹ́jọ ni mo kúrò níbẹ̀. Ẹ lè béèrè. Ọjọ́ tí mo bá wọ ọkọ̀ òfúrufú, ẹsẹ̀ máa ń wú mi, ṣùgbọ́n mi ò mọ̀ mọ́ lánàá."

Mùnírátù kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́. Ó béèrè orúkọ ṣọ́ọ̀ṣì náà àti ti ilé àlejò, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó yíjú sí Morónfólú, ó bi í ní ìbéèrè kan tó dà bí ọ̀rọ̀ ẹni tí ebi ń pa.

"Nígbà tí ẹ po tíì fún àlejò yín lánàá, kí ni wọ́n fi jẹ ẹ́?"

"Bisikíìtì," Morónfólú dáhùn. Ojú rẹ̀ yí díẹ̀, àmọ́ kò mọ ìdí rẹ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, Mùnírátù lọ sí Kaneshie. Ìyá kan tó ń gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì náà bá a sọ̀rọ̀ fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún, ó sì fi ìwé kan hàn án tó wà lára ògiri. Láti ibẹ̀, ó rán Ṣàfíù, kọ́nsítébù tó ń bá a ṣiṣẹ́, lọ sí ilé àlejò pẹ̀lú ìwé àṣẹ. Òun fúnra rẹ̀ ra bọ̀ọ̀lì àti ẹ̀pà lẹ́bàá títì, èyí tí àwọn ará Accra ń pè ní Kofi Brokeman, ó jókòó sínú ọkọ̀, ó ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Àwọn tó mọ̀ ọ́n mọ̀ pé bí Mùnírátù bá ń jẹun láìkánjú, ọ̀ràn ti fẹ́ parí nìyẹn.

Aago mẹ́jọ òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ó ní kí gbogbo wọn pé sí yàrá ìpàdé. Morónfólú wá pẹ̀lú ojú pípọ́n. Láti àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ kò jẹ nǹkan kan, ó kàn ń wo aago ni. Wákàtí méjì ló kù. Lọ́pẹ́ jókòó sí igun yàrá, kò sẹ́ni tó jókòó tì í. Akínlabí fẹ́rẹ̀ẹ́ máa tòògbé. Kàsímù dúró lẹ́nu ọ̀nà. Bọ̀dá Dàpọ̀ jókòó sí ìdí tábìlì, lórí àga tí ọ̀gá máa ń jókòó sí, kò sì sẹ́ni tó ní kó dìde.

"Bọ̀dá," Mùnírátù ní, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún bá mi sọ bí ṣọ́ọ̀ṣì Ọjọ́rú ṣe rí. Mo fẹ́ kí gbogbo wọn gbọ́, kó má baà ku ẹnikẹ́ni tó ń fura sí àgbàlagbà."

Bọ̀dá Dàpọ̀ rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ẹ̀yin ọmọ, ilé Ọlọ́run ni mo wà láti aago mẹ́fà ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún títí di mẹ́jọ. Ìlù tí wọ́n lù lọ́jọ́ náà, ẹni tó yarọ pàápàá á dìde. Gbohùngbohùn wọn, mo rò pé wọ́n gbọ́ ọ dé ibi yìí."

Lọ́pẹ́ ló kọ́kọ́ gbé orí sókè. Kàsímù yọ fìlà, ó tún un dé. Oorun kúrò lójú Akínlabí, ó jókòó dáadáa. Gbogbo wọn ń wo àgbàlagbà náà, òun nìkan ni kò sì mọ ohun tí wọ́n ń wò.

"Kí ló dé?" ó béèrè.

Morónfólú ló dá a lóhùn, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀ gan-an. "Bọ̀dá, kò sí ìlù ní Accra."

"Kí ni ìyẹn?"

"Láti ọjọ́ Ajé. Àwọn àgbà Ga ti fi òfin de ariwo. Kò sí ṣọ́ọ̀ṣì tó ń lu ìlù, kò sí èyí tó gbé gbohùngbohùn síta. Àtẹ́wọ́ nìkan ni wọ́n ń pa. Ìdákẹ́jẹ́ yìí la fi ń gba ohùn, Bọ̀dá. Ọdún mẹ́ta la ti ń ṣe é. Ẹ ní ẹ̀yin lẹ kọ́ mi ní gbogbo rẹ̀, ẹ ò sì béèrè lẹ́ẹ̀kan rí ìgbà tí a ń ṣe é tàbí bí a ṣe ń ṣe é."

Mùnírátù ṣí ìwé rẹ̀. "Ìyá tó ń tọ́jú ṣọ́ọ̀ṣì yẹn fi ìwé tí ìjọba ìlú fi ránṣẹ́ sí wọn hàn mí lára ògiri. Lọ́jọ́rú, èèyàn mọ́kànlélógún ló wá, wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n tú ká ní aago méje. Kò sí àlejò Èkó láàárín wọn. Bọ̀dá, irọ́ yín dára. Ká ní Èkó la wà ni, ǹ bá má mọ̀."

"Ó lè jẹ́ pé ṣọ́ọ̀ṣì mìíràn ni mo..."

"Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fi ṣọ́ọ̀ṣì sílẹ̀." Ó yíjú sí Lọ́pẹ́. "Nígbà tí Bọ̀dá gbàdúrà fún yín lọ́sàn-án Ọjọ́rú, báwo ni wọ́n ṣe ṣe é?"

"Wọ́n ní ká jókòó, ká dijú," Lọ́pẹ́ dáhùn. "Wọ́n ń rìn lẹ́yìn wa, wọ́n ń gbọ́wọ́ lé wa lórí lọ́kọ̀ọ̀kan."

"Níbo ni káàdì rẹ wà?"

"Lẹ́yìn àga mi."

"Nígbà tí gbogbo yín dijú, ojú ta ló là?"

Akínlabí rọra fọwọ́ bo ẹnu.

"Lẹ́yìn àdúrà, ẹ po tíì," Mùnírátù ń bá a lọ. "Ṣé Bọ̀dá na ọwọ́ sí agolo tí ẹ̀dà wà nínú rẹ̀? Kí lẹ sọ?"

"Gbogbo wa pariwo," Morónfólú ní. Ó ti rí i báyìí. "A ní kì í ṣe agolo yẹn. A rẹ́rìn-ín. Mo fún wọn nínú òmíràn."

"Nítorí náà wọ́n mọ agolo. Kàsímù, ta ló bi ọ́ ní aago tí o máa ń lọ kírun?"

"Bọ̀dá yìí ni, Màdáámù. Nígbà tí wọ́n ń jáde lọ ní aago mẹ́rin. Mo rò pé wọ́n fẹ́ mọ bí mo ṣe ń sin Ọlọ́run ni."

Mùnírátù wo Bọ̀dá Dàpọ̀ lójú. "Lẹ́yìn náà, ẹ padà sí ilé àlejò ní aago méje, ẹ fún obìnrin tó ń gba àlejò ní páálí kan pé kó bá yín tọ́jú rẹ̀ di ọjọ́ Ajé. Ṣàfíù gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ lánàá. Ó wà nínú ọkọ̀ wa nísàlẹ̀. Mi ò tíì ṣí i. Ṣé kí n ṣí i?"

Àgbàlagbà náà tẹ orí ba. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn tútù yẹn ti lọ. "Mi ò ba nǹkan kan jẹ́ nínú rẹ̀. Ọjọ́ Ajé ni mo fẹ́ mú un jáde. Ǹ bá ní mo bá ọlọ́pàá wá a rí."

"Lẹ́yìn tí àwọn dókítà bá ti lọ," Morónfólú ní.

"Lẹ́yìn tí o bá ti pè mí!" Ó gbójú sókè. "Ọdún méjì ni o ò ti bi mí ní ìbéèrè kan ṣoṣo. Gbogbo ènìyàn ní Èkó mọ̀ pé iṣẹ́ mi ni iṣẹ́ yìí, mo ti sọ fún wọn. Mo rí ìwé tí o fi pe àwọn dókítà. Orúkọ rẹ wà níbẹ̀, orúkọ ọmọ ọlọ́ṣẹ yìí wà níbẹ̀. Tèmi dà? Ta ló kọ́kọ́ fi kọ̀ǹpútà hàn ọ́?"

"Ẹ̀yin ni, Bọ̀dá," Morónfólú dáhùn. "Bí ẹ bá ní kí n fi orúkọ yín síbẹ̀, ǹ bá fi sí i. Kí ló wá dé tí ẹ fi jẹ́ kí wọ́n máa pe Lọ́pẹ́ ní olè lójú yín, tí ẹ jókòó, tí ẹ ń wò ó?"

Ṣàfíù wọlé pẹ̀lú páálí náà, Lọ́pẹ́ tú u lójú gbogbo wọn. Dísìkì méjèèjì wà níbẹ̀, wọ́n fi aṣọ ìnura wé wọn. Lọ́pẹ́ so ọ̀kan mọ́ wáyà. Iná kékeré ara rẹ̀ tàn. Ó tẹ nǹkan kan, ohùn obìnrin kan sì jáde nínú ẹ̀rọ, ó ń sọ ní Yorùbá pé láti ìgbà tí òun ti bí ìkẹrin ni ẹ̀yìn ti ń ro òun. Lọ́pẹ́ bú sẹ́kún níbi tó dúró sí. Morónfólú di í mú, àwọn méjèèjì sì ń sunkún, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, obìnrin inú ẹ̀rọ náà ń bá ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ lọ. Ara tu Mùnírátù débi pé ó ní láti yíjú sí fèrèsé.

Bí Ṣàfíù ti ń mú Bọ̀dá Dàpọ̀ sọ̀kalẹ̀, Akínlabí tọ Mùnírátù wá. "Ìgbà wo lẹ ti mọ̀?"

"Nígbà tó dárúkọ ìlù ni mo fura. Ṣùgbọ́n ènìyàn lè purọ́ nípa ibi tó wà láìjẹ́ olè. Agolo ló dá mi lójú. Ìwọ àti Lọ́pẹ́ mọ ibi tí ẹ̀dà náà wà láti ọdún mẹ́ta. Bí ẹ bá fẹ́ jí i, ẹ kò ní dúró di ọjọ́ tí àlejò dé. Ọ̀ràn tó bá ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ kan náà tí àlejò wọlé, àlejò la kọ́kọ́ ń wò." Ó pa ìwé rẹ̀ dé. "Kòkòrò yín kò gbé ara ẹ̀fọ́, arákùnrin. Ọkọ̀ òfúrufú ló wọ̀ wá."

Akínlabí lọ bá Lọ́pẹ́, ó sì ṣe ohun tó ṣòro fún un: ó bẹ̀ ẹ́, lójú gbogbo ènìyàn, láìfi òwe kankan sí i.

Aago mẹ́wàá lù, yàrá kún. Àwọn dókítà jókòó síwájú, àwọn ìyá jókòó sẹ́yìn wọn pẹ̀lú báàgì lórí ẹsẹ̀. Morónfólú sọ ọ̀rọ̀ ṣókí, ó ní kí Lọ́pẹ́ wá fi ẹ̀rọ náà hàn wọ́n. Alhájà Ìdíátù, olórí àwọn aláṣọ Yorùbá ní Makola, ló kọ́kọ́ dìde. Ó fura sí fóònù tí Lọ́pẹ́ nà sí i bí ẹni tí wọ́n na ejò sí.

"Orúnkún mi ń dùn mí paa," ó ní. "Bí mo bá ń gun àtẹ̀gùn, á máa ta mí bí ata. Òògùn tí wọ́n fún mi, inú ló ń bà jẹ́."

Dókítà kan tó jẹ́ ará Kumasi, tí kò gbọ́ Yorùbá rárá, wo ojú fóònù tirẹ̀. Ó ka ohun tó rí níbẹ̀ ní Twi: orúnkún, ó ń dùn ún gidigidi, àtẹ̀gùn, òògùn kò bá inú rẹ̀ mu. Ó béèrè orúkọ òògùn náà. Alhájà, tó gbọ́ Twi dáadáa, wò ó, ó wo fóònù, ó wo àwọn ìyá tó kù.

"Ó gbọ́ mi," ó ní fún wọn. "Ohun tí mo sọ gan-an ló gbọ́."

Kí ọ̀sán tó pọ́n, àwọn ìyá ti fọwọ́ sí i pé kí ohùn àwọn jáde, ilé ìwòsàn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì ti ní kí ẹ̀rọ náà wá. Nígbà náà ni ebi tó ti sá fún Morónfólú láti àná rántí rẹ̀ lójijì. Òun, Lọ́pẹ́, Mùnírátù àti Alhájà sọ̀kalẹ̀ lọ sọ́dọ̀ obìnrin tó ń ta waakye ní iwájú ilé, ìrẹsì àti ẹ̀wà gbígbóná tí wọ́n bù sínú ewé. Wọn ò tiẹ̀ wá ibi tí wọ́n á jókòó sí. Morónfólú ń jẹ ẹ́ lórí ìdúró, òógùn ń yọ níwájú orí rẹ̀, ojú rẹ̀ sì ti padà dà bí ojú ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n.

Fóònù rẹ̀ dún. Èkó ni. Ẹ̀gbọ́n Bọ̀dá Dàpọ̀ ni, àgbàlagbà tí gbogbo wọn ń pè ní Dádì, ohùn rẹ̀ sì lọ sókè débi pé kò sẹ́ni tí kò gbọ́ ọ. Ó ní òun ti gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó ní ọ̀rọ̀ ẹbí ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá. Ó ní kí Morónfólú rántí pé ẹni tó kọ́ ọ níṣẹ́ ni, kó wá lọ sọ fún àwọn ọlọ́pàá pé òun ti dárí jì í.

Mùnírátù dá ọwọ́ dúró, ó ń wò ó. Ó ti rí ẹjọ́ tó ju èyí lọ tó kú sẹ́nu irú fóònù bẹ́ẹ̀.

"Òótọ́ lẹ sọ, Dádì, àwọn ló kọ́ mi," Morónfólú ní. "Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn títí ayé. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n gbé kì í ṣe tèmi. Ti ẹgbẹ̀ta obìnrin ni. Àwọn lẹ máa bẹ̀, kì í ṣe èmi."

Àgbàlagbà náà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé níbo ni òun ti fẹ́ rí ẹgbẹ̀ta obìnrin. Alhájà Ìdíátù ti nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ewé, ó na án síwájú.

"Gbé fóònù yẹn wá, ọmọ mi," ó ní. "Ọ̀kan nínú wa rèé. Kó ti ọ̀dọ̀ mi bẹ̀rẹ̀."

Morónfólú gbé e fún un, ó sì ní kí olóúnjẹ fi ẹyin kan kún tòun.